Mo Gbọ́ Gbogbo Ohun Tí Ó Sọ, Mo Dákẹ́

Àdímìn, ẹ dákun, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo gbọ́ èdè Hausa. Mo gbọ́ ọ ju bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá lọ, òun ni mo fi ń lálàá títí dòní, kò sì sí ẹnì kan ní gbogbo Ìbàdàn yìí tó mọ̀... àfi ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ni ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí dá lé lórí. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn lórí pèèjì yìí tí mo bá ń jẹun ọ̀sán nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń sọ nínú ara mi pé àwọn èèyàn wọ̀nyí mà láyà o, tí wọ́n ń tú inú wọn síta báyìí. Mi ò mọ̀ pé ó máa kan èmi náà. Ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Wọ́n pè mí sí ìpàdé kan, ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ yìí ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n ń dúró dè, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Télọ̀ ni mí, àtúnṣe aṣọ ni mo ń ṣe jù, kí n yí sípì padà, kí n dín sókòtò kù, kí n tú ẹ̀gbẹ́ búláòsì fún ẹni tó ti sanra. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Bódìjà. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Agbowó, nínú ilé tó jẹ́ pé àwọn ọmọ yunifásítì ló kún ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ fún ìsinmi, ilé á pa lọ́lọ́, ìró fáànù mi nìkan ni màá máa gbọ́. Mo ti lọ́kọ rí. Kò bá mi jà, kò nà mí, ó kàn sọ lọ́jọ́ kan pé òun kò lè máa bá ẹni tó ti ilẹ̀kùn àyà rẹ̀ pa gbé, ó kó ẹrù rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Òótọ́ ló sọ. Mi ò bímọ. Àwọn ọmọ tí mo ní ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láràárọ̀ Sunday, láti bí ọdún mọ́kànlá. Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ ò lè mọ bí orúkọ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni mí, irọ́ kọ́, ibẹ̀ ni bàbá mi ti wá. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé òkè ọya ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, mi ò sì fẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn títí mo fi di obìnrin tó tó lọ sílé ọkọ.

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí wọ kíláàsì wa. Rifkatu ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni máígádì tuntun tó ń ṣọ́ géètì fún alàgbà kan nínú ìjọ wa, ní Bódìjà. Àwọn oníbọn ló tú abúlé wọn ká lókè lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì nìkan ló dé Ìbàdàn láàyè. Kristẹni ni wọ́n, Hausa tó jẹ́ Kristẹni láti ìgbà bàbá ńlá wọn. Ẹ wá wo ẹnu àwọn ọmọ mi. Wọn kò gbà pé irú rẹ̀ wà. Wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé Gàmbàrí náà ń lọ sí sọ́ọ̀sì ni? (Bí àwọn ọmọ Ìbàdàn ṣe máa ń pè é nìyẹn, ẹ mọ̀ wọ́n.) Wọ́n ní kí ó pe Rèbékà fún àwọn, ó ní Rifkatu náà ni Rèbékà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Yorùbá tí ó ń gbìyànjú láti sọ, kò sí ọ̀rọ̀ tó ní "p" níbẹ̀ tí kì í di "f" lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fún un ní nǹkan jẹ, ó ní ẹ ṣé fúfọ̀. Ó tán! Fúfọ̀ di orúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà, Káyọ̀dé, olórí ariwo wọn, kì í ṣe ọmọ burúkú ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Yóò jókòó sẹ́yìn, yóò na ọrùn, "Fúfọ̀, báwo ni, ṣé o jẹun fúfọ̀? Ṣé o sùn fúfọ̀?" Gbogbo kíláàsì á wó lulẹ̀. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín kí wọ́n má baà lé e. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi náà ti rín in rí.

Èmi wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Mo ń bá wọn wí, bẹ́ẹ̀ ni, mo ń sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò sún mọ́ ọmọ náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó máa ń kí àwọn ọlọ́kadà Hausa tí wọ́n bá kọjá lójú ọ̀nà, tí mo bá ti gbọ́ èdè yẹn lẹ́nu rẹ̀, màá yára wọlé lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èdè yẹn ti jáde lẹ́nu mi gbẹ̀yìn. Tí mo bá fẹ́ ra nǹkan, mi kì í gba Sábó tó jẹ́ àdúgbò àwọn Hausa kọjá, màá yípo.

Lọ́jọ́ kan ó gbé aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó dáa wá sí ṣọ́ọ̀bù, sípì rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ń rán an, ó dúró tì mí, bóyá nítorí pé ó dúró tì mí ni mi ò ṣe fara balẹ̀, abẹ́rẹ́ máṣìnì bá gba ìka mi kọjá. Ẹ̀yin ará... igbe tí mo ké, èdè Hausa ni. Wayyo Allah na! Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn látọjọ́ yìí. Rifkatu dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó rọra ní, "Sannu, Mama." Pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé mi ò gbọ́ ohun tí ó sọ. Ó wo ìka mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Mo ti gbọ́, Mama." Ó bá mi wá aṣọ fi di ọwọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́sàn-án. Yóò jókòó lórí àpótí, yóò máa bá mi gé òwú tó yọ, yóò sì máa sọ̀rọ̀ ní Hausa. Kì í ṣe èmi ni ó ń bá sọ o. Sísọ́ọ̀sì ni ó ń bá sọ. Aṣọ ni ó ń bá sọ. Kò wo ojú mi, kò béèrè ìdáhùn. Ó ń sọ nípa ilé wọn, nípa ìyá rẹ̀ tó kú sọ́nà, wọ́n sin ín sábẹ́ igi kan tí òun kò lè mọ̀ mọ́ tí òun bá padà, nípa ewúrẹ́ kan tí ó máa ń tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ó ń sọ pé ní Ìbàdàn yìí, àwọn èèyàn ń bá òun sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ bàbá òun nìkan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Mo tẹrí ba sórí máṣìnì, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Omi ojú mi kán sórí gáùn oníbàárà kan, mo ní láti fọ̀ ọ́ kí n tó fún un. Mi ò dá ọmọ náà lóhùn rí. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà yẹn ni mi ò dá wà jù lọ láti bí ogún ọdún, síbẹ̀ mi ò lè ya ẹnu mi. Ṣé ó yé yín? Ṣé ó ti ṣe yín rí?

Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan. Ìtàn kan wà nínú Ìwé Mímọ́, ti àwọn tí wọ́n dúró sí ẹsẹ̀ odò, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ sọdá pé kí ó pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí ahọ́n rẹ̀ kò bá lè pè é bí ahọ́n tiwọn, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn, wọ́n á pa á. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ilẹ̀ kíláàsì, mo ní odò nìyí, èmi ni mo dì í mú, kí kálukú wá pe ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ kí ó tó rékọjá. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: ṣọ́ọ̀ṣì. Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ fò síwájú, ó ní èyí kéré, ó ní sọ́ọ̀sì! Mo ní rárá, o ti kú. Ó tún un pè, sọ́ọ̀sì, ó fún ẹnu jọ, ó fẹ́ ẹnu, sọ́-ọ̀-sì! Gbogbo wọn ń yí nílẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn pátápátá ni, àti bàbá àti ìyá, ahọ́n rẹ̀ kò lọ sí ibòmíràn. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi gbé wọn mì, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kú. Ó ju ìdajì wọn lọ tó kú sí etí odò lọ́jọ́ náà. Ó wá kan Rifkatu. Ó dúró, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ́ gaara. Mo ní kí ó kọjá. Ó rékọjá, ó dúró sí òdìkejì.

Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Rifkatu" ni ó pè é, kì í ṣe Fúfọ̀ mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Rifkatu, jọ̀ọ́, ìwọ ni wọ́n jẹ́ kó kọjá, wá fà mí, n ò fẹ́ kú síbí, màmá mi ti se ìrẹsì." Ó na ọwọ́, ọmọ náà fà á sọdá ìlà. Àwọn yòókù ń pariwo pé kí ó fa àwọn náà. Ó ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí. Mo yí ojú sí pátákó, mo ṣe bí ẹni ń nù ún. Mi ò rò pé mo ti ṣe ohun kan láyé yìí tó dáa tó ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ náà ló fúnra wọn sọ pé ní Sunday tó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n máa ń darí ìsìn fún gbogbo ìjọ, Rifkatu ni kó gba àdúrà ìdúpẹ́. Ó béèrè pé èdè wo? Wọ́n ní èdè tó bá wù ú. Wọ́n yíjú sí mi, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀ Màmá? Mo ní ó dáa. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo ní ó dáa. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu ọmọ yẹn, torí pé ọ̀rọ̀ náà ni mo fi gbàdúrà fún ọgbọ̀n ọdún. Kristẹni Hausa, Allah ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Kò sí orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Bíbélì wọn, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú orin wọn. Ó yẹ kí n lọ bá pásítọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí n ṣàlàyé. Mo tilẹ̀ gbéra dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ní Thursday. Mo wá ronú pé wọ́n á bi mí léèrè: báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Mo padà. Mo ń sọ fún ara mi pé kò ní ṣe nǹkan kan. Ìbàdàn mà ni, ìdílé wo ni kò ní Mùsùlùmí nínú? Káyọ̀dé fúnra rẹ̀, ẹran Iléyá màmá àgbà rẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ń jẹ lọ́dọọdún.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n fún un ní máìkì. Aṣọ tí mo yí sípì rẹ̀ ni ó wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, "Ya Allah Ubanmu, mun gode..." Ọlọ́run Baba wa, a dúpẹ́. Ní Allah àkọ́kọ́, ẹnì kan húkọ́. Ní èkejì, mo rí àwọn tó la ojú. Ó ń lọ, ojú rẹ̀ dì, ó ń dúpẹ́ fún ìlú tó gba òun àti bàbá òun, ó ń dúpẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ tó na ọwọ́ sí òun létí odò... bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, mo gbọ́, èmi nìkan ni mo gbọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta obìnrin kan dìde, ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ìgbà yẹn ni ilé dàrú. Wọ́n ní Mùsùlùmí ti wọ inú wa. Ẹnì kan ní spy ni, báyìí ni wọ́n ṣe ń rán àwọn ọmọdé síwájú kí wọ́n tó wá. Alàgbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, tó tún jẹ́ pé òun ló ń bójú tó ààbò ìjọ, gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ bú bàbá yìí. Àbúrò wọn lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú igbó lọ́wọ́ ajínigbé lọ́dún tó kọjá, alàgbà fúnra wọn kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà yẹn, ẹ̀rù ló ń ba àwọn náà, pàápàá pé àwọn ni wọ́n mú ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ wá. Wọ́n rí bàbá ọmọ náà lẹ́yìn, tòun ti fìlà àti jalabíà rẹ̀, wọ́n ní ẹ wò ó, ẹ wo ìmúra rẹ̀. Ọkùnrin náà ń sọ pé "Kirista, Kirista," ó ń na ọwọ́ sí àyà rẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ náà túmọ̀ ohun tí ó sọ. Ìbẹ̀rù mú un, Yorùbá rẹ̀ fò lọ, ó ń sọ fúfọ̀, fúfọ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé ògèdè ló ń pè. Káyọ̀dé dìde, ó ní ọmọ kíláàsì àwọn ni, àwọn mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí ó jókòó, kí ló mọ̀. Kò jókòó.

Pásítọ̀ wa jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí ariwo lè rọlẹ̀, wọ́n rọra bi ọmọ náà bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ilé yìí tó gbọ́ èdè rẹ̀, tó lè bá a sọ fún wa ohun tó ń wí.

Ó yíjú. Ó wò mí.

Mo wà ní ìlà kejì, mo di Bíbélì mi mú. Gbogbo ohun tí wọ́n nílò, gbólóhùn kan péré ni. Ẹ̀yin ará, mo ti ń fi orúkọ Allah yẹn gbàdúrà kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ó wò mí, mo wo bàtà mi. Ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó mọ́, kò sí "p" kankan nínú rẹ̀ tó máa dí i lọ́wọ́, ó ní, "Kò sí."

Wọ́n mú wọn jáde. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó. Alàgbà ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé tí ìgbìmọ̀ kò bá wẹ̀ wọ́n mọ́, kí wọ́n kúrò ní géètì òun lọ́jọ́ náà gan-an. Ibo ni wọ́n máa lọ? Abúlé wọn ti jóná. Sunday mẹ́ta rèé. Lórí group chat ìjọ, ọ̀rọ̀ ti di ńlá, wọ́n ti ní wọ́n rí ìbọn lábẹ́ ibùsùn máígádì, kò sí ẹni tó rí ìbọn kankan. Rifkatu kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo ṣì gbé àpótí tí ó ń jókòó lé síbẹ̀, mi ò gbé e kúrò, mo tilẹ̀ ń tọ́jú òwú tó yọ dè é.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ọkọ mi.

Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn bẹ́ nílùú tí mo dàgbà sí, mo wà nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi. Modúpẹ́ ni orúkọ rẹ̀, a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Àwọn ọkùnrin kan dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, kí kálukú sọ̀rọ̀. Ó tó kí o sọ̀rọ̀ kí wọ́n mọ̀ ẹ́. Èmi, ìbòrí wà lórí mi nítorí eruku, Hausa mi sì mọ́ bí ti àwọn gan-an. Modúpẹ́, Hausa ọjà ni tirẹ̀, kò pẹ́ tó débẹ̀. Ó dì mọ́ etí ìró mi lẹ́yìn. Wọ́n bi mí pé ṣé tèmi ni obìnrin yìí. Mo ní, "Ban san ta ba." Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará, ẹnu mi yìí. Mo sì retí pé yóò pariwo, yóò pe orúkọ mi, yóò sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Orúkọ mi nìkan ni ì bá pè, wọn ì bá mọ̀ pé Yorùbá ni mí. Kò pè é. Ó tú ọwọ́ kúrò lára ìró mi. Bẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé nǹkan sílẹ̀ kó má fọ́. Mo rìn lọ. Mi ò wẹ̀yìn. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Ìyá Hausa kan, Mùsùlùmí ni, ló rí mi níbi tí mo lúgọ sí lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé Kristẹni ni mí, ó rí i lójú mi. Ó fi mí pamọ́ sínú ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbé tùwó fún mi, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn ni mí. Òun ló mú mi dé mọ́tò. Ẹ wá gbọ́, òun ló ń jẹ́ kí ojú tì mí jù. Torí gbogbo ohun tí mo ń múra láti sọ ní Sunday ni pé Kristẹni ni Rifkatu, ẹ má ṣe nǹkan kan sí i, Kristẹni ni. Tí ó bá wá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Tí ó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá tó fi mí pamọ́ yẹn ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ńkọ́? Ṣé a máa wá lé e ni? Ṣé bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn?

Ní báyìí àwọn ọmọ kíláàsì mi kò wọlé mọ́. Lórí afárá kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń jókòó sí láràárọ̀ Sunday, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, nínú oòrùn. Wọ́n ní àwọn kò ní sọdá àfi tí Rifkatu bá sọdá. Àwọn òbí wọn ń bú wọn, wọn kò dìde. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, Káyọ̀dé dìde fún mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ lọ bá wa sọ fún wọn, wọ́n á gbọ́ tiyín." Ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní dákẹ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú kíláàsì náà báyìí, èmi àti pátákó àti ìlà ṣọ́ọ̀kì tí kò tíì parẹ́ tán nílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé sí mi. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀, kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ náà. Tí mo bá sọ pé Allah ni orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu wọn, wọ́n á bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Tí mo bá sọ bí mo ṣe mọ̀, wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi fi pamọ́ látọjọ́ yìí, wọ́n á ní ta ló tún mọ ohun mìíràn tí mo ń fi pamọ́, bóyá wọ́n á ní èmi ni mo mú wọn wọlé. Wọ́n lè gba kíláàsì lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò máa pè mí ní Màmá mọ́? Ẹ lè ní kí n kọ lẹ́tà láìfi orúkọ sí i, mo ti rò ó, ṣùgbọ́n ta ló máa gba lẹ́tà tí kò lórúkọ gbọ́? Àti pé tí mo bá ya ẹnu mi, tí Hausa bá jáde, mi ò mọ̀ bóyá ohùn tí wọ́n máa gbọ́ ni tèmi tàbí ti ọjọ́ tí mo ní mi ò mọ Modúpẹ́. Ẹ̀rù ohùn yẹn ń bà mí ju ẹ̀rù ìgbìmọ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi sí báyìí. Modúpẹ́ kò pe orúkọ mi. Rifkatu náà kò pe orúkọ mi, ọmọ kékeré, ó lè nàka sí mi kí ó gba ara rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ là, ó ní kò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ bá mi dá sí i kí Sunday tó dé. Àwọn tí wọ́n ti bá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jókòó rí, báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ nìkan? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ sí géètì yẹn ní Bódìjà, kí n kan ilẹ̀kùn, kí n kí ọmọ náà ní èdè rẹ̀, kó jẹ́ pé, ó kéré tán, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mi? Kí ni mo máa sọ fún un? Pásítọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo wọn, mo mọ̀ pé wọ́n máa béèrè, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì náà ni. Kí ni kí n sọ?